Ìyàtọ̀ láàrin «borrow», «lend» àti «loan»

«Borrow» ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún kí ènìyàn gba ohun ẹlòmíràn lò fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì dá a padà. «Lend» ni ọ̀rọ̀ fún kí ènìyàn fi ohun tirẹ̀ fún ẹlòmíràn lò lọ́nà kan náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń ròyìn. Ibi tí olùsọ̀rọ̀ dúró sí ló yàtọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, tí Ṣadé fún Túndé ní agbòjò pé kí ó mú un délé, kí ó sì mú un padà wá lọ́la, Ṣadé ló ṣe «lend», Túndé ló ṣe «borrow». Ní Yorùbá, «yá» ni àwọn méjèèjì ṣe.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà. Ó mọ̀ ọ́n; ibi tó fi í sí ni kò jọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì fi í sínú ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀, Yorùbá fi í sínú ohun tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe:

Ṣadé yá Túndé ní agbòjò. — Sade lent Tunde an umbrella.
Túndé yá agbòjò lọ́wọ́ Ṣadé. — Tunde borrowed an umbrella from Sade.
Ṣadé fi agbòjò rẹ̀ yá Túndé. — Sade lent Tunde her umbrella.

Bí ènìyàn bá jẹ́ àbọ̀ tó tẹ̀ lé «yá» gan-an, tí «ní» sì tẹ̀ lé e, ẹni náà ló gbà, «lend» sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí nǹkan bá tẹ̀ lé «yá», tí «lọ́wọ́» sì tẹ̀ lé e, «borrow» ni. Ọwọ́ tí nǹkan ti kúrò ni «lọ́wọ́» ń tọ́ka sí. Gbólóhùn kẹta kò ní ìtumọ̀ méjì rárá, nítorí «fi» ti sọ ẹni tó yọ̀ǹda nǹkan. Òun ni mo sábà máa ń gba olùtúmọ̀ níyànjú láti lò nígbàkigbà tí ààyè bá wà.

Ìṣòro máa ń dé nígbà tí apá kan gbólóhùn bá sọnù. «Mo yá a» lè jẹ́ «I lent it to him», ó sì lè jẹ́ «I borrowed it», nítorí a kò mọ̀ bóyá ènìyàn ni «a» dúró fún tàbí nǹkan. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ohun tí a ti ń bá bọ̀ yóò tú u. Nínú àkọlé ìwé ìròyìn, lórí fọ́ọ̀mù báńkì àti lójú fóònù, kò sí ohun tí a ti ń bá bọ̀.

Àṣìṣe tèmi ló kọ́ mi ní èyí. Iṣẹ́ mi ni kíkọ ètò kọ̀ǹpútà. Nígbà kan, a ṣe áàpù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè lò ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Yorùbá. Bọ́tìnì méjì wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́: «Borrow» fún ẹni tó ń wá owó, «Lend» fún ẹni tó fẹ́ kí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fún 90 ọjọ́ kí ó lè gba èlé lórí rẹ̀. Nínú irú iṣẹ́ yìí, gbogbo ọ̀rọ̀ ojú áàpù máa ń wà nínú fáìlì kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, olùtúmọ̀ kì í sì í rí ojú ìwé tí wọn yóò ti fara hàn. Mo dé orí «Borrow», mo kọ «Yá owó». Ní ọjọ́ mìíràn mo dé orí «Lend», mo tún kọ «Yá owó». Ọ̀kọ̀ọ̀kan tọ̀nà lórí ìlà tirẹ̀. Lójú fóònù, bọ́tìnì méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà dúró ti ara wọn.

Ìyá kan tí wọ́n ń ta aṣọ fẹ́ gba 40,000 náírà láti fi kún owó ọjà. Wọ́n tẹ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí. Kàkà kí owó wọlé fún wọn, 40,000 náírà tí wọ́n ní nínú àpò ìfowópamọ́ wọn ló jáde, áàpù sì tì í pa fún 90 ọjọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tú u sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n fẹ́ rà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n pè wá, ohun tí wọ́n bi mí ni pé: «Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo yá yín lówó ni, tàbí ẹ̀yin lẹ yá mi?»

Ẹ kíyè sí ìbéèrè náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni «yá» wọ inú rẹ̀, nígbà kọ̀ọ̀kan ẹni tó gbà ni ó tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tí kò ní yé. Ohun tí bọ́tìnì mi kò ní nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo yí èkíní padà sí «Gba ẹ̀yáwó», mo sì yí èkejì sí «Fi owó yá ẹgbẹ́». «Ẹ̀yáwó» jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, kò ní ìhà kankan fúnra rẹ̀. «Gbà» àti «fún» ni ó ń fi ìhà hàn, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó lè ṣi àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì yẹn gbọ́. Ẹni tó bá ń túmọ̀ fún ojú fóònù kò gbọdọ̀ fi «yá» sílẹ̀ lóun nìkan.

Bákan náà ni fún àkọlé ìròyìn. «Nàìjíríà yá owó» kò tíì sọ ohunkóhun tó pé. Kí olùtúmọ̀ kọ «Nàìjíríà yá owó lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé», tàbí «Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà lówó», bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọlé yóò gùn díẹ̀.

Ewu mìíràn wà nínú «lówó» àti «lọ́wọ́». Bí «ní» bá pàdé «owó», wọ́n di «lówó». Bí ó bá pàdé «ọwọ́», wọ́n di «lọ́wọ́». Èkíní ń tọ́ka sí ohun tí a yáni, èkejì ń tọ́ka sí ẹni tí a ti yá a. Bí a bá bọ́ àmì kúrò, «lowo» ni méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni «O» àti «Ó»: «O yá owó lọ́wọ́ Bọ́lá» sọ pé ìwọ ni onígbèsè, «Ó yá owó lọ́wọ́ Bọ́lá» sọ pé ẹlòmíràn ni. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì, méjèèjì ni «O ya owo lowo Bola», ẹni tó bá sì fi ìbẹ̀rù ṣí fóònù rẹ̀ ní òru kò ní mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Kì í ṣe àìbìkítà nìkan ló ń fa àìfi-àmì-sí yìí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160 bí gbogbo wọn bá wà nínú àkójọ lẹ́tà ìpìlẹ̀ tí a ṣe fún GSM. Àkójọ náà ní à, è, é, ì, ò àti ù. Kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ, kò sì ní á, í, ó tàbí ú. Bí ẹyọ kan péré nínú àwọn wọ̀nyí bá wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, gbogbo rẹ̀ yóò bọ́ sí ìlànà mìíràn tó ń jẹ́ UCS-2, ààyè yóò sì dín kù sí 70. Ọ̀rọ̀ tí à bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan rán yóò di méjì tàbí mẹ́ta, owó rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ tó ń rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò ní kí a bọ́ àmì kúrò. Olùtúmọ̀ kò lè ṣe nǹkan kan sí èyí, àmọ́ ó lè yan gbólóhùn tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní bá àmì lọ. «Ẹ ti gba ẹ̀yáwó 20,000 náírà lọ́wọ́ Bọ́lá» ṣì yéni bí ó bá di «E ti gba eyawo 20,000 naira lowo Bola». Ó lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín pé «eyawo» fẹ́ jọ ìyàwó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rò pé owó òun ló jáde.

Ní ìhà kejì, ẹni tó bá ń ti Yorùbá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì ní àṣìṣe tirẹ̀ tó gbajúmọ̀: «Borrow me your pen.» Ó wá tààrà láti inú «Yá mi ní bírò rẹ». Ẹni tó sọ ọ́ ti kọ́ pé «yá» ni «borrow», ó sì fi «borrow» sí ibi tí «yá» wà. «Lend me your pen» ni Gẹ̀ẹ́sì tí ìwé gbà, tàbí «May I borrow your pen?», èyí tó tún fi ọ̀wọ̀ hàn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá ti ń sá fún àṣìṣe yìí a tún máa ṣubú sí òdìkejì, a ní «Can I lend your pen?», èyí tó túmọ̀ sí pé òun fẹ́ fi bírò ẹni yẹn yá ẹlòmíràn. Ohun tó rọrùn jù láti rántí ni pé «from» ni ó ń bá «borrow» rìn, «to» ni ó ń bá «lend» rìn. Ní ìṣẹ̀lẹ̀ tó ti kọjá, «lend» di «lent»; kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú «Lent» tó jẹ́ ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ àwọn onígbàgbọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè wọ́n bákan náà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka «borrow me» sí ẹ̀gàn fún àwọn ọmọ Yorùbá. A máa ń gbọ́ ọ ní àwọn ìpínlẹ̀ àríwá àárín Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣí wá láti Jámánì àti Skandinéfíà tẹ̀dó sí. Èdè Jámánì náà ní «leihen» àti «borgen», ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ «borrow» tàbí «lend», gẹ́gẹ́ bí «yá». «Borgen» àti «borrow» tilẹ̀ jẹ́ ìbátan: inú «borg», ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fún ohun ìdógò, ni «borrow» ti jáde. Ẹni tó ṣe «borrow» nígbà náà ni ẹni tó fi nǹkan dógò kí ó tó gba ohun tó ń fẹ́. «Lend» wá láti inú «lǣnan». Kò ní «d» ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀la ni wọ́n fi kún un.

«Loan» jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ní àkọ́kọ́: ohun tí a yá, pàápàá owó. Fún owó, «ẹ̀yáwó» tàbí «owó ẹ̀yáwó» ló bá a mu. Fún ìwé ilé-ìkàwé tàbí ère ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, «ẹ̀yáwó» kò ṣeé lò nítorí «owó» ti wà nínú rẹ̀. Kí a sọ pé «ìwé tí a yá» tàbí «ère tí wọ́n fi yá wa». Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo «loan» bí ọ̀rọ̀-ìṣe ní ipò «lend» láìsí ẹni tó ń bínú. Ní Bìrìtìkó, àwọn olóòtú kan ṣì ń pa á rẹ́. Olùtúmọ̀ kò ní ìdí láti dá sí ìjà yẹn, «fi yá» ni yóò kọ fún méjèèjì. Nínú bọ́ọ̀lù, «on loan» ni kí ẹgbẹ́ kan fi agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ yá ẹgbẹ́ mìíràn fún sáà kan. Ní 2024, Napoli fi Victor Osimhen yá Galatasaray. A tún lè sọ pé Galatasaray yá Osimhen lọ́wọ́ Napoli. Ní 2025, Galatasaray rà á pátápátá, ọ̀rọ̀ «yá» sì parí níbẹ̀. Ohun tí mo ti rí nínú ìtumọ̀ kan ni «Osimhen yá Galatasaray», tó sọ agbábọ́ọ̀lù di ẹni tó ń yáni ní nǹkan.

Títí di ìhín, ó lè dà bíi pé Gẹ̀ẹ́sì ló ní ọ̀rọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá àwọn àgbà ní «yá», ó sì ní «wín», ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí òun gan-an yóò padà wá ni a ń yá: àdá, ìkòkò, aṣọ, ẹṣin. Ohun tí a ó ná tàbí tí a ó jẹ tán, tí ó jẹ́ pé irú rẹ̀ ni a ó fi dípò, ni a ń wín: owó, iyọ̀, epo, gàrí. «Yá mi ní ọ̀bẹ rẹ» ń retí ọ̀bẹ kan náà ní ìrọ̀lẹ́. «Wín mi ní iyọ̀ díẹ̀» kò retí iyọ̀ kan náà, ìyẹn ti wà nínú ọbẹ̀. Iyọ̀ mìíràn tó tó o ni yóò padà. Òfin Róòmù àtijọ́ pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì lọ́nà kan náà: «commodatum» ni ti ohun tí a ó dá òun gan-an padà, «mutuum» ni ti ohun tí irú rẹ̀ yóò dípò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ ń pe méjèèjì ní «borrow», yálà agbòjò ni tàbí ife ṣúgà kan.

Lónìí, «yá» ti gba ipò «wín» lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, pàápàá nípa owó, kò sì sí àléébù nínú «yá mi lówó». Síbẹ̀, ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé àdéhùn tàbí ìtàn àtijọ́ yóò rí i pé «wín» wúlò fún un. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má rò pé ó yanjú ìṣòro ìhà, nítorí òun náà ń lọ síhà méjèèjì: «Ó wín mi lówó», «Mo wín owó lọ́wọ́ rẹ̀». Kí a má sì fi «àwìn» dípò rẹ̀. «Rà láwìn» ni kí a gbé ọjà lọ láìtíì san owó rẹ̀. «Buy on credit» ni, kì í ṣe «borrow».

Bí owó bá wọ inú ìlò ohun tí yóò padà, Gẹ̀ẹ́sì yóò fi «borrow» sílẹ̀, yóò mú «rent», «hire» tàbí «let». Yorùbá kò fi «yá» sílẹ̀. Ẹ wo «ayálégbé», ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, tí a sì ń pè ní ẹni tó yá ilé gbé. Nítorí náà, «Mo yá ilé gbé ní Ìbàdàn» kì í ṣe «I borrowed a house in Ibadan», àfi bí ọ̀rẹ́ bá fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. «I rented a house» ni. Níbí ni Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ sínú kòtò wa: «rent» ń lọ síhà méjèèjì. «They rented the house» lè jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa onílé, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ayálégbé, «to» tàbí «from» nìkan ló lè tú u. «Let» kò ní ìṣòro yìí, ti onílé nìkan ni. Òun ló wà lára ògiri ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn aláwàdà ti máa ń fi «I» kan sí àárín «TO LET». «Hire» ti di «háyà» lẹ́nu wa, a ń fi í sọ̀rọ̀ àga, kánópì àti ọkọ̀ òde ìnáwó. Àmọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà, ènìyàn ni wọ́n sábà ń «hire», ọkọ̀ ni wọ́n ń «rent». Bí ìwé bá wá láti ibẹ̀, «gbà síṣẹ́» ni kí a kọ́kọ́ rò.

«Owe» àti «own» kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́tà kan ló sì wà láàrin wọn. «Owe» ni «jẹ»: «He owes me money», «Ó jẹ mí lówó». «Own» ni «ní». Inú ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, «āgan», ni àwọn méjèèjì ti jáde, kò sì yani lẹ́nu pé ọwọ́ máa ń ṣi wọ́n tẹ̀. Ẹni tó bá rí «I own the bank 50,000 naira» nínú ìwé tó fẹ́ túmọ̀, kí ó bi òǹkọ̀wé léèrè kí ó tó sọ onígbèsè di onílé-ìfowópamọ́.

Àwọn ìlò àpèjúwe kò gba «yá» lọ́pọ̀ ìgbà. «Lend a hand» ni «ràn lọ́wọ́», «lend an ear» ni «fetí sílẹ̀». Ẹni tó bá kọ «yá mi ní ọwọ́ rẹ» ti kọ ohun tí Yorùbá kò ní yé. «Borrow» tó jẹ mọ́ èdè nìkan ni «yá» bá mu dáadáa: «ọ̀rọ̀ àyálò» ni àwọn onímọ̀ èdè ń pe ọ̀rọ̀ bíi bọ́tìnì, fóònù àti háyà. «Loanword» tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é pàápàá, àfarawé «Lehnwort» ti èdè Jámánì ni. Nínú ìṣirò ìyọkúrò náà, bí a bá fẹ́ yọ 8 kúrò nínú 32, tí 2 kò tó 8 yọ, a ó yá ọ̀kan lọ́dọ̀ 3 kí 2 lè di 12. «Borrow» ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìyẹn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 3 kò rí ọ̀kan rẹ̀ gbà padà títí ìṣirò fi parí.

Wo bákan náà: àwìn, èlé, gbèsè, ìdógò, ìwọ̀fà, onídùúró.